Ẹ̀yin pásítọ̀ wa l'Abuja, ẹ gbọ́ tẹnu èèyàn ná kẹ́ ẹ tó bá a wí

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìrọ́jú. Orí fóònù làwa tá a wà lókè Ọya níbí ti ń ka ìwé ìròyìn yín, torí náà tí èsì mi bá pẹ́ dé, ẹ má bínú. Lẹ́tà kan tẹ́ ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀gbẹ́ni tó kọ ọ́ ní kò sí nǹkan míì tó ń ṣe àwọn ọmọ ìjọ Abuja ju ìgbéraga lọ, wọ́n lówó díẹ̀, wọ́n mọ ọ̀gá kan ní mínísírì, wọ́n wá rò pé àwọn ti dé, ó ní gbogbo kánsẹ́lìn, ìyẹn kí wọ́n máa jókòó gbọ́ ìṣòro èèyàn, tí ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé kiri báyìí, ọgbọ́n àwọn òyìnbó tí ò gba Ọlọ́run gbọ́ ni, kí pásítọ̀ sáà fi ọ̀rọ̀ nà wọ́n dáadáa, kí wọ́n gbààwẹ̀, ara wọn á balẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni yẹn mọ̀wé kọ, mo rẹ́rìn-ín níbi tó ti ń sọ báwọn èèyàn ṣe ń bá ara wọn du ibi tí wọ́n á páàkì mótò sí níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ mi ò gbà fún un. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì wà lára àwọn tí ìjọ wa ní Kubwa yàn pé ká máa jókòó ti àwọn tí nǹkan bá tojú sú, ohun tí mò ń gbọ́ níbẹ̀ ju ìgbéraga lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọkùnrin kan fún yín, mo ti da ìtàn bíi mẹ́rin pọ̀ o, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé òun ni mò ń bá wí. Ó lé díẹ̀ lógójì ọdún, iṣẹ́ kọntíráàtì ló ń ṣe. Tó bá dìde láti jẹ́rìí, díẹ̀ ló máa kù kí úṣà gba máìkì lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó jókòó, orúkọ èèyàn ńlá tó pè é lálẹ́ àná kò sì ní ṣàì jáde. Tí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn tó dáwó jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n wá fo tiẹ̀, ẹ lè má rí i mọ́ fún oṣù kan. Ìyàwó ẹ̀ wá ń sọ níkọ̀kọ̀ pé tí owó iṣẹ́ kan bá ti já kulẹ̀ báyìí, ṣe ló máa kọjú sógiri lórí bẹ́ẹ̀dì, kò ní jẹun, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn, á ní òun ò já mọ́ nǹkan kan láyé yìí. Ọkùnrin kan náà ni o, ẹni tó ń fọ́nnu lọ́jọ́ Sunday ló ń kọjú sógiri lọ́jọ́ Tuesday. Kí ni pásítọ̀ wá ṣe? Ó wàásù lórí Nebukadinésárì tó jẹ koríko bíi màlúù, ojú ẹ̀ ò kúrò níbi tí ọkùnrin yìí jókòó sí, gbogbo ìjọ sì mọ ẹni tó ń bá wí. Ọkùnrin náà kó ìdílé ẹ̀, ó di ṣọ́ọ̀ṣì míì. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéraga ẹ̀ níbẹ̀ náà.

Irú ọkùnrin yìí ló ń mú mi rántí dókítà kan tó ń jẹ́ Heinz Kohut, ọmọ Júù ni, Vienna ní Austria ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1913, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ṣẹ́ dókítà, ìgbà tí Hitler gba ìlú yẹn lọ́dún 1938 tó di pé ayé ò rọgbọ fún Júù mọ́ ló wá ọ̀nà sá lọ sí England, lọ́dún 1940 ó dé Chicago, ibẹ̀ ló sì ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú lọ́dún 1981. Iṣẹ́ tí Sigmund Freud dá sílẹ̀ ni òun náà ń ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní psychoanalysis, kí èèyàn nà gbalaja sórí àga, kó máa sọ ohunkóhun tó bá wá sí i lọ́kàn, kí dókítà máa fetí sí i. Freud ti sọ tiẹ̀ lọ́dún 1914 nípa àwọn tó fẹ́ràn ara wọn jù, bó ṣe rí i ni pé ìfẹ́ tó wà nínú èèyàn níwọ̀n, tó o bá kó púpọ̀ nínú ẹ̀ lé ara ẹ lórí, díẹ̀ ló máa kù fún ẹlòmíì. Ẹ ò rí i pé ó fẹ́ jọ ìwàásù tí wọ́n máa ń ṣe fún wa? Àfi bíi pé òun àti ọ̀gbẹ́ni tó kọ lẹ́tà jọ ṣèpàdé.

Kohut náà gbà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ àwọn kan ń wá sọ́dọ̀ ẹ̀ tí ọ̀nà yẹn ò bá lára mu. Obìnrin kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé tó bá ń sọ̀rọ̀ tí Kohut dákẹ́ jù, inú á bí i, á ní Kohut ò ràn án lọ́wọ́, tí Kohut bá sì ṣàlàyé nǹkan fún un kọjá ibi tóun fúnra ẹ̀ sọ ọ́ dé, inú á tún bí i, á ní ó ń ba ohun tóun ń gbìyànjú láti ṣe jẹ́. Àfi kí Kohut kàn tún ohun tó sọ sọ fún un, ara ẹ̀ á wá balẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yé Kohut. Ó kọ́kọ́ rò pé agídí ni, pé ó ń sá fún òótọ́. Nígbà tó yá ló wá rí i pé obìnrin yìí ò bá òun jà rárá, ohun tí kò rí gbà lọ́mọdé ló ń wá, kí ẹnì kan ṣáà gbọ́ òun bóun ṣe rí, kó má gbé tiẹ̀ lé e. Látibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé ẹni tó ń fọ́nnu, tó ń wá ìyìn kiri, kò fẹ́ràn ara ẹ̀ jù, ebi ló ń pa á. Ìwé tó kó ọ̀rọ̀ yìí jọ jáde lọ́dún 1971, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún un, bẹ́ẹ̀ òun ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ wọn nílẹ̀ Amẹ́ríkà rí o.

Oríṣi ebi mẹ́ta ló sọ. Pé kí ẹnì kan rí ẹ kí ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí pé o wà. Pé kó o ní ẹnì kan tó lágbára, tó fọkàn balẹ̀, tó o lè fara tì títí ìwọ náà á fi lágbára. Pé kí ẹnì kan wà tó dà bíi tìẹ, kó o má dà bí àjèjì láàárín ọmọ aráyé. Ó ní tí ọmọ bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí jẹ dé ìwọ̀n, tí wọ́n sì ń já a kulẹ̀ díẹ̀díẹ̀, níwọ̀nba tó lè gbà mọ́ra, díẹ̀díẹ̀ ló máa di pé ó ń ṣe é fún ara ẹ̀. Tí kò bá rí i, tàbí tí ìjákulẹ̀ yẹn ju agbára ẹ̀ lọ, àgbà ló máa fi máa wá a kiri. Kò sì sẹ́ni tó dàgbà kọjá ẹ̀ pátápátá, ìwọ àtèmi ṣì ń jẹ níbẹ̀, bó ṣe ń wá ló ń yí padà.

Èyí àkọ́kọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ kọ́ Yorùbá? Ìyá tó bá jí láàárọ̀ tó fa ọmọ ẹ̀ mọ́ra tó ń kì í, Àjàní, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ báyìí-báyìí, tí ọmọ ń yí orí tó ń rẹ́rìn-ín, orí ẹ̀ ń wú, kí ni Kohut tún fẹ́ sọ fún un? Ẹ wá wo Abuja. Ìyá tó ń gbé Mararaba tó ń ṣiṣẹ́ ní Central Area gbọ́dọ̀ kúrò nílé kílẹ̀ tó mọ́ nítorí gò-sílóò Nyanya, tó bá padà dé ọmọ ti sùn. Ẹ̀gbọ́n ọmọ tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ ló fún un lóúnjẹ. Ta ló kì í lónìí? Mi ò dá ìyá lẹ́bi o, iléèwé ọmọ yẹn náà ni owó iṣẹ́ ẹ̀ ń san. Àmọ́ mo máa ń rò ó tí mo bá rí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ya fọ́tò ara wọn ní ìgbà ogún kí wọ́n tó gbé ẹyọ kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n wá ń dúró dè kí ẹnì kan sọ pé ó dáa.

Èyí kejì, ẹ lọ wo ẹ̀yìn mótò ní Berger. Sítíkà pásítọ̀ àgbà ló wà níbẹ̀, kàlẹ́ńdà ẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù, fọ́tò ẹ̀ wà lórí fóònù, "Dádì wa" ni wọ́n ń pè é, ẹni tó ti pé àádọ́ta ọdún ń pe ẹni ogójì ní Dádì. Àwọn kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, èmi kì í ṣe é. Èèyàn tó dá wá sí ìlú tí kò mọ ẹnì kankan, tí wọ́n lé kúrò níbi iṣẹ́, tí lándílọ́ọ̀dù ń kan ilẹ̀kùn, ó nílò ẹnì kan tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀ ju tiẹ̀ lọ tó lè fara tì. Tẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Kano tàbí Kaduna rí, ẹ mọ ẹ̀kẹta láìjẹ́ pé mo sọ ọ́. Kó o wà lọ́jà láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, kó o ṣàdédé gbọ́ tẹ́nì kan ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ́ ti ṣe é sí?" ara ẹ á kàn yá gágá, o ò sì mọ ẹni náà rí o. Ìyẹn náà ló mú káwọn èèyàn kan máa wakọ̀ láti Lugbe wá sí Kubwa nítorí pé ìsìn Yorùbá wà ńbẹ̀. Kì í ṣe ìwàásù ni wọ́n ń bọ̀ wá gbọ́, wọ́n á sọ fún yín fúnra wọn tẹ́ ẹ bá jókòó tì wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọkùnrin wa. Ẹni tébi ń pa, tẹ́ ẹ bá wàásù ọ̀kánjúwà fún un, ṣé ó máa yó ni? Kí ni pásítọ̀ ì bá ti ṣe? Kì í ṣe pé kó máa yìn ín o, ẹni tó ń gba ìyìn lásán mọ̀ nínú ara ẹ̀ pé asán ni. Kó pè é sápá kan, kó ní, "Bọ̀dá, lọ́jọ́ tá ò ka orúkọ yín yẹn, báwo ló ṣe rí lára yín?" Kó wá dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí n gbọ́ pé bàbá ẹnì kan bímọ tó pọ̀ débi pé tó bá fẹ́ pè é, orúkọ ọmọ méjì mẹ́ta míì ló máa kọ́kọ́ dà sílẹ̀, pé ó gba ipò kìíní ní kíláàsì, ó sáré gbé káàdì délé, bàbá ní kó gbé e síbẹ̀ yẹn. Káàdì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ló ń sọ̀rọ̀ yìí tómi ń bọ́ lójú ẹ̀. Tó bá ti wá bọ́ síbẹ̀, ẹ máa yà á lẹ́nu bí ariwo ẹ̀rí yẹn ṣe máa dínkù láìsí pé ẹnikẹ́ni bá a sọ ọ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù mọ̀ ọ́n ṣe níbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ méje òun òru méje ni wọ́n fi jókòó tì í lórí ilẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n bà á jẹ́.

Àwọn pásítọ̀ tó ń wọ́ onígbèéraga nílẹ̀ kò tiẹ̀ wá rí ẹni tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù fún jù. Wọ́n ń fi í ṣe àpẹẹrẹ ni. Ẹni náà ni arábìnrin tó wà nínú kọ́yà, tó wà nínú ìdáná, tó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn aláàánú, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé, tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́ kó sọ pé ó rẹ òun rí. Ẹ ní "ẹ ńlẹ́ o, ṣé dáadáa ni?" ó ní "a dúpẹ́ ni, sà." Donald Winnicott, dókítà àwọn ọmọdé ní England, kọ nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1960. Ó ní ọmọ kan lè tètè mọ̀ pé ohun tóun ń fẹ́ kọ́ ni wọ́n ń fẹ́ nílé, ohun tí ìyá ń fẹ́ ló gbọ́dọ̀ jẹ́, kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wu èèyàn, kó mọ̀ ọ́n débi pé gbogbo ayé ń yìn ín, òun fúnra ẹ̀ ò sì mọ ohun tóun fẹ́ mọ́, ó kàn ń rí i bíi pé òun ò sí láyé. Àwọn wọ̀nyí kì í wá sí kánsẹ́lìn. Ọjọ́ tí wọ́n bá dákú lórí ìdáná, tàbí tí wọ́n gbé ògùn jẹ, ni ìjọ ń pariwo pé "ẹni jẹ́jẹ́ yìí!" Ìgbéraga ò pa á. Lójú tèmi, ọmọ ìjọ tó ń bá pásítọ̀ jiyàn kò léwu tó ọmọ ìjọ tí kò jiyàn rí.

Ohun kan wà tí àwọn tó fẹ́ràn Kohut kì í sábà sọ, mo sì fẹ́ sọ ọ́ nítorí ibi tá a wà yìí. Àwọn èèyàn rò pé tó o bá mọ bó ṣe ń ṣe ẹlòmíì, o ti di ẹni rere nìyẹn. Ní oṣù kẹwàá 1981, ọjọ́ díẹ̀ péré kó tó kú, ara ẹ̀ ò le rárá, Kohut ṣe ọ̀rọ̀ kan ní Berkeley ní California, ó ní irọ́ ni. Ó rán wọn létí pé nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn ará Jámánì so fèrè tó ń ké lọ́nà tó ń bani lẹ́rù mọ́ ọkọ̀ òfúrufú tí wọ́n fi ń ju bọ́ǹbù, torí pé wọ́n mọ bí ìbẹ̀rù ṣe máa ṣe àwọn tó wà nílẹ̀. Wọ́n mọ inú ọmọlàkejì dáadáa, wọ́n wá fi ìmọ̀ yẹn bà á jẹ́. Ẹ wá wo àwọn wòlíì ayédèrú tó kún Mararaba àti Nyanya, ṣé wọn ò mọ inú èèyàn ni? Wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Obìnrin wọlé tí kò tíì sọ̀rọ̀, wọ́n ti wo ọwọ́ ẹ̀, wọ́n ti rí ojú ẹ̀, wọ́n ní "ìyá, ẹkún òru yìí pọ̀ jù", obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní Ọlọ́run ló fi han bàbá. Kò tó wákàtí kan, owó iṣẹ́ àdúrà ti jáde. Nítorí náà tẹ́nì kan bá ní pásítọ̀ òun máa ń mọ ohun tó ń ṣe òun, mo máa ń bi í pé, lẹ́yìn tó mọ̀ ọ́n tán ńkọ́, kí ló fi ṣe?

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn pásítọ̀ fúnra wọn. Ebi yìí ń pa àwọn náà. Èèyàn wo ló ń dúró níwájú ẹgbẹ̀rún èèyàn tí wọ́n ń ké "Àmín" sí gbogbo ohun tó bá sọ, tí kò ní dùn mọ́ ọn? Kí ọjọ́ kan wá wà tí àga ṣófo, kí àwọn ọ̀dọ́ má ké àmín, kó délé kó máa bínú sáwọn ọmọ ẹ̀. Pásítọ̀ tí ò mọ̀ pé ebi ìyìn ń pa òun, àwọn ọmọ ìjọ ló máa máa jẹ. Ẹni tó bá kí i dáadáa ló máa sún mọ́ ọn, ẹni tó bá bi í ní ìbéèrè, ọlọ̀tẹ̀ ni. Ó burú jù tó bá jẹ́ obìnrin tí ọkọ ò ráyè gbọ́ tiẹ̀ ló ń wá gba ìmọ̀ràn. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe pásítọ̀ lálẹ́, ó ní kò sẹ́ni tó ń gbọ́ òun bí pásítọ̀ ṣe ń gbọ́ òun yìí, bọ̀dá pásítọ̀ wá rò pé ẹwà òun ni, pé òun ni. Freud ti kìlọ̀ fáwọn dókítà látayébáyé, pé kí wọ́n má ṣe rò pé àrà tí àwọn dá ló mú kí aláìsàn máa fẹ́ràn wọn, àga tí wọ́n jókòó lé ló ń fà á, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síbẹ̀ ló máa rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí obìnrin yẹn gbé wá, ti bàbá ẹ̀ tàbí ti ẹlòmíì tó ti já a kulẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́ ni. Ẹ má gbà á bíi tiyín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbà á ńkọ́? Àwọn ìjọ tó ti fọ́ nítorí ẹ̀ l'Abuja yìí, mi ò ní dárúkọ.

Kẹ́ ẹ sì máa tọrọ àforíjì. Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún Yorùbá, àgbà ò kí ń fẹ́ kúnlẹ̀ fọ́mọdé, Dádì sì kọjá àgbà. Àmọ́ ohun tí Kohut rí nínú iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kì í ṣe àìṣìṣe dókítà ló ń wo èèyàn sàn, ìgbà tó bá ṣì í gbọ́, tó wá rí i pé òun ti dùn ún, tó gbà bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀, ibẹ̀ ni nǹkan kan ti ń lágbára sí i nínú aláìsàn. Ẹ ṣèlérí pé ẹ máa wá kí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní Gwagwalada, ẹ ò lọ, ẹ̀ ń wí pé mótò bàjẹ́. Ẹ sọ fún un pé ẹ gbàgbé, pé ẹ mọ̀ pé ó dúró dè yín, kí ẹ jẹ́ kó bínú díẹ̀. Ẹ má yára fi ẹsẹ̀ Bíbélì bò ó.

Ṣé ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ mọ́, pé gbogbo oníwà burúkú, ìyá ẹ̀ ni ò kì í lọ́mọdé? Rárá o. Ọkùnrin tó ń lu ìyàwó ẹ̀, a ò kọ́kọ́ jókòó máa wá bí ìgbà ọmọdé ẹ̀ ṣe rí, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí obìnrin yẹn àtàwọn ọmọ máa sùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn agbófinró tó bá tó bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà la lè wá gbọ́ tiẹ̀. Irú ebi yìí lè máa pa èèyàn kó sì tún jẹ́ olè, ẹ gba owó tó wà níkàáwọ́ ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀.

Ní ti pé aláìgbàgbọ́ ló ni ìmọ̀ yìí, òótọ́ ni, Freud ò gbà pé Ọlọ́run wà, kò sì fi pamọ́. Àmọ́ pásítọ̀ kan ní Zurich tó ń jẹ́ Oskar Pfister bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí i lọ́dún 1909, wọ́n sì ń kọ̀wé síra wọn títí Freud fi kú lọ́dún 1939. Nígbà tí Freud kọ̀wé bú ẹ̀sìn lọ́dún 1927, Pfister fi ìwé tiẹ̀ dá a lóhùn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọn ò sì torí ẹ̀ bá ara wọn yodì. Pfister ò kúrò lórí pẹpẹ, ó ń fi ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ Freud ṣètọ́jú ìjọ ẹ̀. Tí pásítọ̀ bá lè wọ ọkọ̀ òfúrufú láìbi ẹni tó ṣe é bóyá ó ń gbààwẹ̀, kí ló dé tí eléyìí wá di èèwọ̀?

Èyí tí mo bá ọ̀gbẹ́ni yẹn gbà díẹ̀ ni pé a ò lè gbé e bó ṣe wà ká kàn gbé e kalẹ̀ síbí. Àwọn tí Kohut ń tọ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń wá, fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì ń sanwó. Tiwa, ọjọ́ Wednesday lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ni, èèyàn mẹ́tàlá wà lórí ìlà, NEPA ti mú iná lọ. Àti pé ọ̀rọ̀ wọn dá lé èèyàn kan ṣoṣo jù. Alan Roland, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ Freud yìí tó lọ ṣiṣẹ́ ní India àti Japan, kọ ọ́ lọ́dún 1988 pé bí àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe mọ ara wọn, mọ́lẹ́bí ti wà nínú ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kò ṣeé yọ jáde. Ó yé mi dáadáa. Tẹ́ ẹ bá bi Yorùbá tó wá sí kánsẹ́lìn pé kí lẹ fẹ́ fún ara yín, ti ọmọ ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò dá dúró. A ò tiẹ̀ ní lọ jìnnà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo tiwa, dókítà àrùn ọpọlọ, ti rí i ní Aro l'Abẹ́òkúta láti 1954, kò tì àwọn tí orí wọn dàrú mọ́lé, ó ní kí wọ́n gba ilé fún wọn láàárín abúlé, kí ẹbí kan bá wọn gbé, kí wọ́n máa wá sọ́sibítù lọ́sàn-án. Ayé gbọ́ nípa ẹ̀. A kì í sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò àga Freud. Anton Boisen, pásítọ̀ ni ní Amẹ́ríkà, orí ẹ̀ dàrú lọ́dún 1920, wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù, nígbà tára ẹ̀ yá ó padà di pásítọ̀ inú ọsibítù ní Worcester, Massachusetts, lọ́dún 1924, ní 1925 ló wá kó àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìwàásù wá síbẹ̀, ó ní kí wọ́n ka èèyàn alààyè bí wọ́n ṣe ń ka ìwé. Àwọn tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń kọ́ pásítọ̀ pé tó bá ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, kó kọ ọ́ sílẹ̀, aláìsàn ní báyìí, èmi ní báyìí, ó dákẹ́, mo sọ báyìí, kó wá kà á láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀ láìdárúkọ ẹni náà. Àwa náà gbìyànjú ẹ̀ ní Kubwa. Ohun tó máa ń hàn jù nínú bébà yẹn ni ibi tí pásítọ̀ ti sọ pé "ẹ jẹ́ ká gbàdúrà" nígbà tí ẹni yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ ohun tó gbé e wá. Àdúrà ni wọ́n fi sá. Àwọn ààfáà wa ní mọ́ṣáláṣí náà lè ṣe é, ọmọ ìyá mi tó jẹ́ Mùsùlùmí ní àwọn náà máa ń fi "ẹ ṣe sùúrù" sá bákan náà.

Ẹni tó ń gbọ́ ohùn tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́, tàbí tó ń sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ má jókòó máa tú ìgbà ọmọdé ẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù yunifásítì ní Gwagwalada, tàbí sí ti ìjọba àpapọ̀ fún àrùn ọpọlọ ní Barnawa, Kaduna, tó bá jẹ́ apá ibẹ̀ lẹ wà, kí ẹ sì máa lọ bẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ti wà láti oṣù kìíní 2023, òun ló rọ́pò èyí tí wọ́n ṣe ní 1958 tó ń pè wọ́n ní wèrè, kò sì fàyè gbà á kí wọ́n máa so aláìsàn mọ́lẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé àdúrà ni ò tíì gbọ́. Olóòtú, tẹ́ ẹ bá lè wá agbẹjọ́rò kan kó tú òfin yẹn sí Yorùbá tó já gaara fún wa, kẹ́ ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, màá tẹ̀ ẹ́ jáde, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì tá a ti ń gbọ́ ẹjọ́ èèyàn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Dámi,
Kubwa, Abuja.